Òǹgbẹ Ni Ikú Kòkòrò Ẹ̀wà

  Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ gbé rédíò ti igbá ọjà ní Mandate àti ní Ìpàta nílùú Ìlọrin, ẹ̀yin gan-an ni mo dìídì ń wá lónìí, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ni mo gbé wá.

Bí a bá ti dárúkọ sáyẹ́ǹsì, ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa lọ sórí ọkọ̀ tó ń lọ sí òṣùpá, tàbí kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn ìbéèrè bí ọmọ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ ńlá ni wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwárí kan wà tí àwọn onímọ̀ kọ jáde lọ́dún 2012, tó kan ìkòkò wa ju gbogbo ìyẹn lọ, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì tíì gbọ́. Kòkòrò kékeré tó ń ba ẹ̀wà jẹ́ ni àwárí náà dá lé. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí a bá gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ kòkòrò yìí, òǹgbẹ ló ń pa á. Mo fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe rí bẹ́ẹ̀, kí n sì sọ ìdí tó fi yẹ kí ọ̀nà tí à ń gbà tọ́jú ẹ̀wà ní ìlú yìí yí padà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń bá jà. Kòkòrò aláwọ̀ ilẹ̀ tí ẹ máa ń rí tó ń rìn lórí ẹ̀wà yẹn, Callosobruchus maculatus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Èyí tó ti dàgbà, tó ń rìn kiri, kì í jẹ ẹ̀wà rárá. Bí ọ̀sẹ̀ méjì péré ló ń lò láyé, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kó gùn, kó sì yé ẹyin lọ. Abo kan lè yé tó ọgọ́rùn-ún ẹyin, á sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ara ẹ̀wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn àmì funfun tíntìntín tí ẹ ń rí lára hóró ẹ̀wà, ẹyin rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹyin bá pa, ọmọ rẹ̀ á lu èèpo, á sì wọ inú hóró lọ tààrà. Ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹun, ibẹ̀ ni yóò ti dàgbà, títí tí yóò fi dá ihò róbótó sí ara ẹ̀wà, tí yóò sì jáde. Láàrin nǹkan bí oṣù kan, ìran tuntun ti dé, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yé.

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ti ẹ̀wà yìí tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí láti oko ló ti ń bá a bọ̀. Nígbà tí ẹ̀wà ṣì wà nínú èèpo rẹ̀ lóko, tó ń gbẹ lọ, ni kòkòrò ti ń fò wá yé sí i. Ẹ̀wà tó mọ́ lóló tí ẹ rà lónìí lè ti gbé ìyọnu oṣù tó ń bọ̀ sínú. Ẹni tó bá ń sọ pé ọjà tí òun ti rà á ló dọ̀tí, tàbí pé ẹni tó ta á fún òun ló rẹ́ òun jẹ, kò mọ̀ pé kòkòrò náà ti wọlé kí oníṣòwò kankan tó fọwọ́ kan àpò.

N kò wá síbí láti bú ẹni tó ń ta ẹ̀wà. Obìnrin tó kó owó àjọ, tó fi ra àpò mélòó kan nígbà tí ẹ̀wà pọ̀, tó ń retí kó wọ́n díẹ̀ kó lè rí owó ilé ìwé ọmọ, tó wá ṣí àpò náà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tó rí i pé ó ti di ìyẹ̀fun, àánú ló yẹ kó ṣe wá. Ohun tó wà nítòsí ni yóò nawọ́ sí. Ohun tó sì wà nítòsí ni òtapíàpíà àti Sniper. Oògùn kan tí wọ́n ń pè ní dichlorvos ló wà nínú Sniper, òun náà ni wọ́n sì ń pò sínú ọ̀pọ̀ òtapíàpíà. Wọ́n á wọ́n ọn sórí ẹ̀wà, wọ́n á dì í lẹ́nu, kòkòrò á kú. Ọjà rà, ọjà tà. Ẹni tó se é fún ọmọ rẹ̀ kò mọ nǹkan kan.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún 2018 parí, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà lórílẹ̀-èdè yìí jáde, wọ́n kìlọ̀ pé àwọn kan ń fi Sniper tọ́jú ẹ̀wà. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, pàṣẹ pé wọn kò gbọ́dọ̀ ta ìgò kékeré rẹ̀ mọ́ ní ọjà gbangba àti ní ilé ìtajà ńlá. Àṣẹ náà dára. Ṣùgbọ́n ohun tó ń lé àwọn ènìyàn lọ sídìí ìgò náà, ìyẹn kòkòrò àti àdánù, àṣẹ kò lè mú un kúrò.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ àná ni. Láti oṣù kẹfà ọdún 2015 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó para pọ̀ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà. Ìwọ̀n dichlorvos tí òfin wọn fàyè gbà nínú kílò ẹ̀wà kan ni 0.01 mílígíráàmù. Èyí tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà wa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó sì ga dé 4.6. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: èyí tó ga jù yẹn jẹ́ ìlọ́po 460 ohun tí òfin gbà. Ọdún kan ni wọ́n kọ́kọ́ fi ìfòfindè náà sí. Nígbà tó yá, wọ́n sún un dé 2019, wọ́n sì tún sún un dé 2022. Ní gbogbo àkókò náà, ariwo tí à ń pa ni ti owó ilẹ̀ òkèèrè tó ń bọ́ lọ́wọ́ wa. Ohun tó ń dùn mí nínú rẹ̀ ni pé ẹ̀wà tí Yúróòpù kọ̀, àwa là ń jẹ ẹ́. Àwa là ń fi í ṣe gbẹ̀gìrì, àwa là ń lọ̀ ọ́ fún àkàrà àárọ̀, òun là ń fi ṣe èkuru àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ fún àlejò.

Ohun tí dichlorvos ń ṣe sí kòkòrò náà ló ń ṣe sí ènìyàn. Nínú ara wa, iṣan máa ń gba ìpè láti inú ọpọlọ. Bí iṣẹ́ bá ti parí, ohun kan wà nínú ara tó ń pa ìpè náà, kí iṣan lè sinmi. Ohun náà gan-an ni dichlorvos ń dè lọ́wọ́, ìpè kò sì ní dákẹ́ mọ́. Itọ́ á máa ṣàn, òógùn á bò ó, ọmọlójú á sún kì, ara á máa gbọ̀n, àyà á fún mọ́ ọn, títí tí èémí yóò fi nira. Bí ẹ bá rí ẹni tó wà nínú irú ipò yìí lẹ́yìn tó jẹun tàbí tó fọwọ́ kan oògùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi epo pupa tàbí mílíìkì fi àkókò ṣòfò. Ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání kí dókítà lè mọ ohun tó ń bá jà. Àwọn kan ń sọ pé bí a bá ti fọ ẹ̀wà dáadáa, kò sí wàhálà. Fífọ̀ àti sísè ń dín oògùn náà kù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn kì í mú gbogbo rẹ̀ lọ.

Ẹlòmíràn á ní òun kò lo Sniper, hóró oògùn tí wọ́n ń pè ní Phostoxin lòun ń jù sínú àpò. Ẹ dákun, ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí yìí. Bí hóró náà bá ti kan ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, gáàsì olóró ló ń tú jáde. Ilé ìkẹ́rù ńlá tí wọ́n lè dì pa, tí àwọn tó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ń bójú tó, ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá fi í sínú àpò ẹ̀wà nínú yàrá tí òun àti àwọn ọmọ ń sùn sí, ó gbé ikú wọlé ni. Ó ti pa ènìyàn ní orílẹ̀-èdè yìí.

Ó dáa. Kí ni ká wá ṣe?

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, onímọ̀ nípa kòkòrò kan láti Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà, Larry Murdock, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá àwọn àgbẹ̀ ẹlẹ́wà ṣiṣẹ́ ní àríwá orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù. Ohun tí wọ́n ń wá ni ọ̀nà tí tálákà lè gbà tọ́jú ẹ̀wà láìra oògùn kankan. Ibẹ̀ ni àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS ti jáde wá: ọ̀rá méjì tó nípọn, ọ̀kan nínú èkejì, àti àpò hínhun bí ti ìrẹsì lóde. Ẹ ó da ẹ̀wà gbígbẹ sínú ọ̀rá àkọ́kọ́, ẹ ó fún afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ jáde, ẹ ó lọ́ ẹnu rẹ̀, ẹ ó ṣẹ́ ẹ po, ẹ ó sì fi okùn dì í le. Ẹ ó ṣe bákan náà fún èkejì àti ẹ̀kẹta. Ní ọdún 2007 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e kiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó Gates Foundation, a sì ń ṣe é ní Nàìjíríà níbí, ní Kánò.

Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé àpò náà ń ṣiṣẹ́. Kòkòrò inú rẹ̀ ń mí, ọ́síjìn á máa tán lọ, láàrin ọjọ́ mélòó kan díẹ̀ ni yóò kù. Wọ́n gbà pé àìrí èémí ló ń pa á. Ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi gbà á bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Murdock àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, tí Ibrahim Baoua tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀ wà lára wọn, tún bi ara wọn ní ìbéèrè kan tó rọrùn: níbo ni kòkòrò tó ń gbé inú ẹ̀wà gbígbẹ ti ń rí omi mu?

Ẹ wò ó bí ìbéèrè náà ṣe jinlẹ̀ tó. Ẹ̀wà tó gbẹ dáadáa kò ní omi tó nǹkan. Ọmọ kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ kì í jáde lọ mumi. Síbẹ̀ ara rẹ̀ tútù, ó sì ń sanra. Ìdáhùn tí wọ́n rí ni pé fúnra rẹ̀ ló ń ṣe omi tó ń lò. Nígbà tí ara rẹ̀ bá fi ọ́síjìn jó oúnjẹ tó jẹ, omi wà lára ohun tí jíjó yẹn ń mú jáde. Nítorí náà, ọ́síjìn ni kànga rẹ̀. Bí ọ́síjìn bá ti lọ sílẹ̀, kò ní lè jẹun mọ́, kò ní lè ṣe omi, omi tó wà lára rẹ̀ á sì máa gbẹ lọ díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi kú. Ìyẹn ni wọ́n kọ jáde ní 2012. Ikú òǹgbẹ ni. Ohun tó sì yẹ ká dì mú níbẹ̀ ni pé ikú yìí kò fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú ẹ̀wà. Kò sí òórùn, kò sí oró, kò sí ohun tí à ń fọ̀ kúrò.

Ẹ má wulẹ̀ rò pé Amẹ́ríkà nìkan ni irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ wà. Ní ìlú wa yìí, ní kìlómítà kẹta lójú ọ̀nà Asa Dam, ni olú ilé iṣẹ́ NSPRI wà, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí bí irè oko ṣe ń pẹ́ nípamọ́. Kí Nàìjíríà tó gbòmìnira ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà, nígbà tí àwọn òyìnbó amúnisìn dá ẹ̀ka ìwádìí kan sílẹ̀ fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn. Lẹ́yìn òmìnira ló di ti Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń kọjá níwájú ilé yẹn lójoojúmọ́ láìbéèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀ ni ìjà tí mò ń sọ yìí. Àwọn ló ń fi náítírójìn lé ọ́síjìn jáde nínú sílò ọkà, àwọn ló ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń fi àgbá tó dì pa tọ́jú ẹ̀wà. Àwọn náà ló ṣe eruku kan jáde tí wọ́n ń pè ní NSPRIDUST.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí eruku náà. Àwọn ohun abẹ̀mí kan wà nínú omi tí ojú lásán kò lè rí, tí èèpo ara wọn jẹ́ sílíkà, irú èyí tó wà nínú yanrìn. Láyé ọjọ́un, nígbà tí wọ́n kú, èèpo wọn ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀ adágún, wọ́n ń gorí ara wọn. Adágún gbẹ, erùpẹ̀ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló kù. Irú rẹ̀ wà ní Bularafa ní Ìpínlẹ̀ Yobe. Bí wọ́n bá da eruku irú èyí mọ́ ọkà, á lẹ̀ mọ́ ara kòkòrò, á fa ọ̀rá tó bo awọ ara rẹ̀ kúrò. Ọ̀rá yẹn ló sì ń dá omi ara rẹ̀ dúró. Bí ọ̀rá bá ti lọ, omi á máa fẹ́ lọ, kòkòrò á gbẹ. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ NSPRI àti àwọn ti Oklahoma State University kọ ìwádìí jáde lórí erùpẹ̀ Nàìjíríà bẹ́ẹ̀. Kòkòrò inú àlìkámà ni wọ́n fi dán an wò nínú ìwé yẹn, ó sì pa wọ́n.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan. Àpò onípele mẹ́ta gba afẹ́fẹ́, eruku gba ọ̀rá ara. Ọ̀nà méjì tí kò jọra rárá, òǹgbẹ kan náà ni wọ́n já sí. Ibi tí kòkòrò yìí ti lágbára, ìyẹn bó ṣe lè gbé ayé rẹ̀ nínú ohun gbígbẹ, ibẹ̀ náà ni a ti lè mú un.

Èyí sì mú mi rántí eérú. Àwọn ìyá wa àgbà máa ń da eérú igi mọ́ ẹ̀wà irúgbìn, wọ́n á kó o sínú ìkòkò, wọ́n á fi amọ̀ dí ẹnu rẹ̀ pa. Ọ̀làjú dé, a ní ìwà ará oko ni. Ẹ wá wò ó: eérú kíkúnná ń dí àlàfo àárín hóró kí kòkòrò má lè rìn, ó ń ha ara rẹ̀, ó sì ń gbẹ ẹ́. Ìkòkò tí amọ̀ dí ẹnu rẹ̀ sì ń dá afẹ́fẹ́ dúró. Wọn kò mọ ọ́síjìn, wọn kò mọ sílíkà, ṣùgbọ́n ohun méjèèjì tí ilé ìwádìí ń fi kọ̀ǹpútà wọ̀n lónìí ni wọ́n ń ṣe. Ní 1978, àwọn onímọ̀ IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, náà kọ ọ́ jáde pé òróró ẹ̀pà díẹ̀, bíi ṣíbí ìmu-tíì kan sí kílò ẹ̀wà kan, tí a fi pa á lára dáadáa, kì í jẹ́ kí ẹyin kòkòrò pa. Èyí náà kì í ṣe ohun àjèjì sí àwọn ìyá wa.

Nígbà tí mo dárúkọ IITA, ìtàn kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń jiyàn lórí GMO, ìyẹn irúgbìn tí wọ́n yí jíìnì rẹ̀ padà, lórílẹ̀-èdè yìí gbọ́. Ní àwọn ọdún 1970, láàrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀yà ẹ̀wà tí wọ́n kó jọ sí Ìbàdàn, wọ́n rí ọ̀kan, ẹ̀wà ìbílẹ̀ Nàìjíríà, tí wọ́n fún ní nọ́ńbà TVu 2027. Kòkòrò ń yé sí i, ọmọ rẹ̀ ń wọlé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ń kú sínú hóró, àwọn tó yè sì ń pẹ́ kí wọ́n tó jáde. Ní 1979, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Durham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn mọ ìdí rẹ̀: ohun kan wà nínú ẹ̀wà náà tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú ikùn kòkòrò. Ní 1987, wọ́n mú jíìnì ohun náà kúrò nínú ẹ̀wà, wọ́n fi sínú tábà, kòkòrò tó ń jẹ ewé tábà kò sì lè jẹ ẹ́ bó ṣe fẹ́. Ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature ló gbé e jáde. Nítorí náà, ìmọ̀ ẹ̀rọ tí à ń bẹ̀rù pé òyìnbó fẹ́ fi ba irúgbìn wa jẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ayé, ara ẹ̀wà ni wọ́n ti mú un. Lẹ́yìn èyí, àwọn onímọ̀ Brazil tún yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n ní àlàyé Durham kò tọ̀nà tán, nítorí ìwọ̀n ohun tí wọ́n tọ́ka sí kò bá bí ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan ṣe ń kọ kòkòrò mu. Wọ́n ní purotíìnì mìíràn, tí ẹ̀wà fi ń tọ́jú oúnjẹ pa mọ́ fún ara rẹ̀, ló ń dí kòkòrò náà lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni sáyẹ́ǹsì ṣe ń rìn. Ẹnì kan á sọ tirẹ̀, ẹlòmíràn á fi ẹ̀rí já a.

Ní tiwa, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, àjọ tó ń bójú tó ààbò irúgbìn bẹ́ẹ̀, NBMA, fọwọ́ sí ẹ̀wà tí àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria, ṣiṣẹ́ lé lórí. SAMPEA 20-T ni orúkọ rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí i gbìn ní 2021. Jíìnì láti ara kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ kan ni wọ́n fi sínú rẹ̀, kí ìdin tó ń jẹ òdòdó àti èèpo ẹ̀wà lóko, èyí tí wọ́n ń pè ní Maruca, má lè bà á jẹ́. Ìdin yẹn lè jẹ tó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá irè. Àwọn tó fara mọ́ ọn ní kò ní jẹ́ kí àgbẹ̀ máa fọ́n oògùn léraléra. Àwọn tí kò fara mọ́ ọn, bíi Nnimmo Bassey, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àyíká, àti àjọ HOMEF, ń béèrè bóyá àyẹ̀wò rẹ̀ pé tó, àti bóyá ẹni tó ń ra ẹ̀wà lọ́jà yóò mọ èyí tó ń rà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní kí wọ́n ṣe ìwádìí lórí gbogbo irúgbìn bẹ́ẹ̀.

Èrò tèmi ni pé ìbéèrè nípa ohun tí ènìyàn ń rà tọ́, ó sì yẹ kí ìjọba dáhùn rẹ̀ dé ìdí ọjà. N kò sì rí ohun tó burú nínú kí àgbẹ̀ dín oògùn kù lóko. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má pa ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Ìdin labalábá ni jíìnì náà ń bá jà. Kòkòrò inú àpò kì í ṣe ìdin labalábá, kò sì kàn án rárá. Ẹ̀wà SAMPEA 20-T tí wọ́n bá kó wá sí Mandate yóò ní kòkòrò bí èyíkéyìí, ẹni tó bá fẹ́ wọ́n Sniper sórí rẹ̀ yóò sì wọ́n ọn. Gbogbo àríyànjiyàn tó ń lọ ní Àbújá lórí oko kò tíì kan ilé ìkẹ́rù ẹni tó ń ta ẹ̀wà.

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ báyìí. Àpò onípele mẹ́ta dára fún àgbẹ̀ tó fẹ́ pa ẹ̀wà mọ́ fún oṣù mẹ́fà. Ó dára fún oníṣòwò ńlá. Ẹni tó ń wọn kóńgò fún oníbàárà látàárọ̀ dalẹ́ ńkọ́? Bó bá ti ń ṣí àpò, bẹ́ẹ̀ ni ọ́síjìn ń padà wọlé, kòkòrò tí kò tíì kú á sì sọjí. Òun sì ni ìdánwò ìgò kékeré Sniper náà ń bá jù. Nígbà tí a bá ń sọ pé ọgbọ́n wà, ẹ jẹ́ ká gbà pé ọgbọ́n náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ tí yóò wúlò fún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́ ẹlẹ́wà, ẹ̀yin ìyálọ́jà wa, mo bẹ̀ yín, ẹ kó ara yín jọ lọ sí ojú ọ̀nà Asa Dam. Ilé iṣẹ́ ìjọba ni, owó wa ni wọ́n fi ń ná an. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n wá sí ọjà yín, kí wọ́n wá fi bí wọ́n ṣe ń dí àpò hàn yín ní gbangba, kí wọ́n sì gbé èyí tí àwọn alágbàtà lè lò wá. Ẹ lè pawọ́ pọ̀ ra àpò náà lọ́pọ̀, kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀. Ẹ lè máa pín ẹ̀wà sínú kẹ́ẹ̀gì kéékèèké tó dì pa, kó jẹ́ pé èyí tí ẹ ń tà lọ́sẹ̀ yìí nìkan ni ẹ ṣí. Ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìpínlẹ̀ wa náà, iṣẹ́ yín ni kí ẹ rí i pé àpò náà wà ní ìtòsí ọjà ju òtapíàpíà lọ. Ẹ̀yin Alfa wa, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí kún wáàsí yín, nítorí ọjà tí a fi oró sí lára láìsọ fún ẹni tó ń rà á, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, tiyín rọrùn jù lọ. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì tàbí ìgò ike tó mọ́, tó gbẹ dáadáa, tí kò ní ihò, tí ìdérí rẹ̀ le. Ẹ má lo èyí tí wọ́n ti fi gbé oògùn tàbí kẹrosíìnì rí. Ẹ sá ẹ̀wà yín kó gbẹ, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ dà á sínú rẹ̀ kó kún dé ẹnu. Bí kò bá kún, afẹ́fẹ́ tó kù lókè ni kòkòrò yóò máa lò. Ẹ dé e pa, ẹ má ṣí i fún oṣù kan ó kéré tán. Bí ẹ bá sì ní fíríìsà tó ń ṣiṣẹ́ tí iná wà, ẹ fi ẹ̀wà sínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ẹ tó kó o sínú ike.

Tí ẹ kò bá ní fíríìsà, oòrùn Ìlọrin wà. Murdock àti akẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Shade, fi hàn ní 1991 pé bí ooru ẹ̀wà bá dé ìwọ̀n 57 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì fún wákàtí kan, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹyin, ọmọ àti ìyá, ni yóò kú. Ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú sílẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ̀wà lé e fẹ́lẹ́, ẹ fi ọ̀rá funfun tó mọ́lẹ̀ bò ó, ẹ ká etí méjèèjì pọ̀, ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Láti bí agogo mọ́kànlá sí agogo méjì ọ̀sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ sì dà á sínú ohun tó dì pa lójú ẹsẹ̀, kí kòkòrò mìíràn má baà fò wá yé sí i.

Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá ni ẹ̀wà tuntun ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti òkè Ọya. Ìgbà yẹn ni kí ẹ dì í, ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ rà á gan-an, nígbà tí ìran kòkòrò kan péré ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó rí ihò kó tó wá àpò, àpò náà yóò pa kòkòrò fún un, ṣùgbọ́n kò lè dá èyí tí wọ́n ti jẹ padà.